Lẹ́tà Tí Mo Bá Bàbá Mi Kọ

Ọdún tí màmá mi kò gbé ilé ni mo tó mọ bàbá mi. Kí ọdún náà tó dé, bí ọmọdé ṣe máa ń mọ bàbá ni mo ṣe mọ̀ ọ́n: ohùn kan tó ń pè wá sí àdúrà ní ìdájí, bàtà rọ́bà méjì tí ẹrẹ̀ oko gbẹ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun kan tí wọ́n lọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní Odìgbó nígbà náà, kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ. Díákónì ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyá tó bí i lọ́mọ, Ìyá Àgbà, tó ń gbé yàrá tó kángun sí ilé ìdáná wa. Bí Ìyá Àgbà bá ń bínú sí i, á ní, "Díákónì, ọma mi, orí rẹ le ju kùkùté lọ." Ọma ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ọmọ, bí ó sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ó rò pé ọmọ ọdún méje ló ń bá wí. Nísinsìnyí tí a ti sin ín, tí àwọn ará ìjọ ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nípa rẹ̀, pé ọkọ rere ni, pé bàbá rere ni, pé òpó ni nínú ilé Ọlọ́run, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ọdún kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn, ọdún yẹn gan-an ni kò sì sí ẹni tó mẹ́nu bà.

Ilé wa kò tóbi. Yàrá mẹ́rin ni, pẹ̀lú àgbàlá tí igi àgbálùmọ̀ kan wà láàárín rẹ̀, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn, pákó àti páànù ògbólógbòó la fi kọ́ ọ. Ohùn ilé náà ló ṣe kedere sí mi jù títí dòní. Agogo ìjọ á kọ́kọ́ lù ní ìdájí, bàbá mi á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì mọ̀ pé àdúrà ti dé. Lẹ́yìn àdúrà ni ọ̀bẹ Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ha púpurú, ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́, bó ṣe ń bó ara dúdú rẹ̀ kúrò kí funfun inú rẹ̀ tó yọ. Púpurú ni oúnjẹ wa: ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi, tí a mọ róbótó bí orí ọmọdé, tí a sì gbé sókè ààrò kí èéfín yan án títí á fi gbẹ. Bí a bá ha á tán, a ó gún un, a ó kù ú, a ó sì rò ó nínú omi tó ń hó yaya, ká fi ọbẹ̀ marúgbó tàbí ilá jẹ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti apá Òrè, a máa ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó gẹdú kọjá. Màmá mi, tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á ti múra tán, á máa fi ọwọ́ kan ro ọbẹ̀, á máa fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bàbá mi á so àdá mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, á gba ọ̀nà Ajue lọ sí oko kòkó. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ títí ayé.

Ìwé kan ló yí i padà. Ìjọba ní tíṣà tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí gíga kò ní lè gòkè lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, màmá mi sì ti rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan lọ́nà Abẹ́òkúta. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé, àfi ìgbà ìsinmi. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọdún àkọ́kọ́, ó parí fún un nìyẹn. A jẹ́ ọmọbìnrin mẹ́ta nílé. Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èmi Fúnmi ti pé mẹ́wàá. Tọ́pẹ́, àbíkẹ́yìn wa, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn àgbà ìjọ nínú. Alàgbà tó jẹ́ olórí ìjọ, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjọ, wá sí ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú àgbà méjì. Èmi ni mo gbé omi fún wọn, mo sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Díákónì," ni Bàbá Ìjọ wí, "o mọ̀ pé ìwọ la ní lọ́kàn láti fi ṣe olórí àwọn díákónì nígbà ìkórè ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa tọ́jú ìjọ, ilé ara rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Ilé tí ìyàwó kò sí, báwo lo ṣe fẹ́ tọ́jú rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ ṣeun," ni bàbá mi dáhùn. "Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún mi."

"Ta ni yóò máa dáná? Ta ni yóò máa dirun fún àwọn ọmọ?"

"Èmi náà ni, Bàbá."

Àwọn àgbà méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbàdúrà, wọ́n sì lọ. Bàbá mi kò tíì dáná rí láyé rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òun pàápàá tó gbọ́ pé òun ni yóò máa dirun.

Ọjọ́ tí màmá mi ń lọ, gbogbo wa la sìn ín dé gáréèjì Òrè. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń pe èrò Ìjẹ̀bú-Òde ń pè, àwọn tó ń pe èrò Benin ń pè, àwọn tó ń ta omi àti búrẹ́dì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ó ti wọlé sínú ọkọ̀ kó tó yọ orí jáde lójú fèrèsé. "Bàbá Bọ́sẹ̀," ó ní, "ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ kí n gbọ́." Bàbá mi ní, "Wàá gbọ́." Ọkọ̀ gbéra. Bàbá mi dúró síbẹ̀ títí a kò fi rí ọkọ̀ náà mọ́, ó wá ra búrẹ́dì kan fún wa lọ́wọ́ ìyá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì padà sílé.

Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára, n kò ní purọ́. Bàbá mi ń se ilá bí ẹni ń se oògùn; á dúró lé e lórí, á máa wò ó, ilá náà á sì yọ̀ jù. Púpurú rẹ̀ a máa ní kókó. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ilé ìdáná, á máa sọ fún un ohun tó ṣì ṣe, ṣùgbọ́n kò jẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá ru ẹrù fúnra rẹ̀, òun ni yóò mọ ibi tó ti ń dunni. Irun ló nira jù. Lọ́sàn-án Sátidé, bàbá mi á jókòó sórí àga onípákó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, á fi orúnkún méjèèjì há mi mọ́lẹ̀, á da àdí sí mi lórí. Àgbẹ̀ ni, bí àgbẹ̀ ṣe ń la poro ló ṣe ń la orí mi. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló lè dì, mẹ́rin péré ló sì ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí ebè iṣu. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí a gbé orí náà lọ sí ilé ìsìn, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin fi ìwé orin bo ẹnu wọn. Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú wọn wá bá bàbá mi pé òun lè máa bá a dirun fún wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí òun wá wo bó ṣe ń ṣe é. Ó sì lọ lóòótọ́. Díákónì, ọkùnrin tó tó àádọ́ta ọdún, jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn obìnrin, ó ń wo ọwọ́ wọn. Nígbà tí Kérésì fi máa dé tí màmá mi wá sílé, mẹ́jọ ló ń dì, wọ́n sì gún régé. Màmá mi fọwọ́ pa orí mi, ó wo bàbá mi. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀: "Ọwọ́ tó mọ ebè kọ, kò lè ṣàìmọ irun dì."

Lẹ́tà ni a fi ń gbọ́ ara wa. Màmá mi á kọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, á fi rán awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà náà, awakọ̀ á fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì ní gáréèjì, bàbá mi á sì lọ gbà á. Tiwa náà á gba ọ̀nà kan náà padà. Bàbá mi lè ka Bíbélì láìdúró láti orí dé orí, ṣùgbọ́n bó bá di ká kọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan á dá dúró bí ọ̀pá ọgbà. Nítorí náà èmi ni mo di akọ̀wé rẹ̀. Màmá mi fẹ́ràn ọwọ́ ìkọ̀wé mi, òun ló sì kọ́ mi. Bàbá á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa sọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo ń rí ara mi bí ẹni ńlá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí màmá mi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Bọ́sẹ̀ wà nídìí kànga, mò ń kù púpurú lójú ọ̀nà ilé ìdáná, Ìyá Àgbà ń tòògbé. Bàbá mi gbé ìkòkò omi gbígbóná kúrò lórí iná, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì yíjú láti mú omorógùn tó fi kọ́ ara ògiri. Kò ju ìyẹn lọ. Tọ́pẹ́ ń lé òròmọdìyẹ kan bọ̀ láti àgbàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ igi ìdáná kan, ó sì fi apá òsì rẹ̀ ṣubú lu ìkòkò náà. Ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kò jọ ẹkún. N kò mọ ohun tí mo lè fi í wé. Bàbá mi ti gbé e kí n tó dìde. Ó da omi tútù lé e lápá, ó da omíràn, ó ń pe orúkọ Jésù lábẹ́lẹ̀, kò pariwo. Ìyá Àgbà ní ká gbé oyin wá, ká gbé epo wá. Bàbá mi ní rárá. Ó fi aṣọ rírin wé ọmọ náà, ó ní kí Bọ́sẹ̀ jókòó sẹ́yìn alùpùpù kó gbé e dání, wọ́n sì gba ọ̀nà ọsibítù ní Òrè. Èmi dúró ní àgbàlá. Òròmọdìyẹ náà ṣì ń ké kiri. Mo da púpurú tí mo ti kù padà sínú igbá, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kù ú, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Apá náà bó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní yóò yè, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ wá gbàdúrà lé e lórí, wọ́n gbé omi àdúrà wá, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Oore wọn kò ṣeé gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Ìjọ dé, ó sì pe bàbá mi síta. Abẹ́ fèrèsé tí mo jókòó sí gan-an ni wọ́n dúró sí.

"Ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ," ni Bàbá Ìjọ wí. "Kó wá tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ìwé kò sá lọ."

"Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá."

"Mo gbọ́. Díákónì, mo ti sọ ọ́ ṣáájú. Ilé tí ìyàwó fi sílẹ̀ kì í ṣàìfi ojú hàn. Bó bá ti dé báyìí, kó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí tó kà náà ti tó."

Bàbá mi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wá jókòó ti Tọ́pẹ́. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí Bàbá Ìjọ ní kó ṣe ni ohun tó tọ́, ohun tí bàbá mi sì ti ṣèlérí ni, ṣùgbọ́n ìdí tó fi ń sọ ọ́ kò tọ́. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ fún un pé kó kọ òtítọ́ sí ìyàwó rẹ̀, bóyá ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún rò pé ojú ń tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé ìkòkò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tó ti sọ lójú àwọn àgbà pé ọwọ́ méjì tó. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́ nínú ènìyàn kan.

Lẹ́tà màmá mi dé ní ọjọ́ kejì, ó béèrè wa lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá mi pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n mú bírò. Kò rìn lọ rìn bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó tì mí.

"Kọ ọ́ pé gbogbo wa wà ní àlàáfíà."

Mo kọ "Gbogbo wa wà ní", mo sì dúró. "Bàbá, Tọ́pẹ́ ńkọ́?"

"Tọ́pẹ́ wà láyè."

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé ó wà láyè?"

"Rárá. Kọ àlàáfíà."

Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ pé Tọ́pẹ́ ń jẹun dáadáa, pé ó ń kí i, pé kí ó fi ọkàn balẹ̀ kàwé rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ó sì rí i. "Rọra kọ ọ́," ó ní, "kó má gbọ̀n. Ó mọ ọwọ́ rẹ." A ya bébà àkọ́kọ́ sọ́nù, mo tún un kọ. Nígbà tí mo parí, ó ka á láti òkè délẹ̀, ó fi í sínú àpò ìwé, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èsì dé. Màmá mi ní inú òun dùn pé ara wa le. Ó ní ká sọ fún Tọ́pẹ́ pé òun ti ra ẹ̀gbà ọwọ́ kan fún un, aláwọ̀ pupa. Bàbá mi ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ká lẹ́tà náà, ó sì jáde lọ sí oko láìgbé àdá.

Wọ́n ti dá Tọ́pẹ́ sílẹ̀ ní ọsibítù, a ṣì ń di aṣọ mọ́ apá rẹ̀, nígbà tí màmá mi parí ìdánwò. Bàbá mi ti pinnu pé òun yóò lọ pàdé rẹ̀ ní Òrè, kí òun fúnra òun sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ màmá mi tètè dé. Ìyá oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ rí i, ó sáré dì mọ́ ọn. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kú ewu iná o! Ọlọ́run kò ní í jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́." Màmá mi ní, "Iná wo?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́. Nígbà tí bàbá mi fi dé gáréèjì, ó ti gun ọ̀kadà lọ.

A wà ní àgbàlá nígbà tó wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú Tọ́pẹ́, ó tú aṣọ tó wà lápá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wò ó, ó sì tún un dì. Ẹ̀gbà pupa náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọrùn ọwọ́ ọmọ náà, ó fi ẹ̀gbà náà padà sínú báàgì rẹ̀. Ìgbà náà ni a gbọ́ ìró alùpùpù, bàbá mi sì wọlé. Màmá mi fa lẹ́tà kan yọ nínú báàgì kan náà.

"Fúnmi, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ní kó o kọ ọ́?"

Kí n tó la ẹnu, bàbá mi ti dáhùn. "Èmi ni. Má bi ọmọ náà."

"Bàbá Bọ́sẹ̀," ni màmá mi wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "ẹnu oníbúrẹ́dì ni mo ti gbọ́ pé ọmọ mi jóná. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka lẹ́tà yìí kí n tó wọ yàrá ìdánwò. Ó ń fún mi lókun. Mò ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ẹ sọ mí di aláìmọ̀kan nípa ọmọ tí mo bí."

"Mo fẹ́ kí o yege ni."

"Mo mọ̀. Ẹ kò bi mí léèrè."

Màmá mi gbé Tọ́pẹ́, ó gbé e wọ yàrá Ìyá Àgbà, ibẹ̀ ló sì ń sùn ní gbogbo ìsinmi náà. Ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń dá bàbá mi lóhùn bí ó bá bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà di ilé tí a ti ń gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde. Bàbá mi dìde láti orí àga àwọn díákónì ní iwájú. "Kì í ṣe ẹ̀rí ni mo ní," ó wí. "Mo pa irọ́ fún ìyàwó mi. Mo ti ṣèlérí fún un pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, yóò gbọ́, ọmọ wa sì jóná lábẹ́ ọwọ́ mi, mo ní kò sí nǹkan. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo fi kọ ọ́. N kò lè máa gbé oúnjẹ alẹ́ Olúwa káàkiri pẹ̀lú ọwọ́ yìí." Bàbá Ìjọ ní, "Díákónì, jókòó. Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, irọ́ àánú sì ni." Bàbá mi ní, "Bàbá, ẹ má bínú," ó sì rìn wá sẹ́yìn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárín wa. Gbogbo ènìyàn yíjú. Èmi ni wọ́n ń wò, torí ó ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọ òun, gbogbo wọn sì mọ èwo nínú wa ló ń kọ̀wé. Inú bí mi sí i gidigidi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ó lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kó yọ èmi kúrò níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé tí ó bá yọ mí kúrò, yóò tún di irọ́ kejì. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ojú àwọn ènìyàn yẹn, ara mi ṣì máa ń gbóná. Màmá mi wà láàárín àwọn obìnrin, ó ń wo iwájú.

Nígbà ìkórè, ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn díákónì. Èsì ìdánwò dé, màmá mi yege, ó sì padà lọ fún ọdún kejì. Mo rò pé èmi ni n ó tún máa kọ̀wé, mo tilẹ̀ ti ń ronú ohun tí n ó sọ láti kọ̀ ọ́. Kò pè mí. Ó ra ìwé olójú ewé ogójì kan, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn oko, ó sì ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta díẹ̀ bíi ti ọmọ kíláàsì kìíní. Lẹ́tà kan lè gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń kọ. Ó kọ ọ́ pé adìyẹ pupa kú. Ó kọ ọ́ pé Bọ́sẹ̀ fi ọ̀bẹ gé ìka, pé kò jinlẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdajì ṣíbí. Ó kọ ọ́ pé apá Tọ́pẹ́ ń yún un, pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ ọjọ́rú, pé òun jágbe mọ́ Fúnmi láìnídìí, òun sì ti bẹ̀ ẹ́. Nígbà Kérésì, màmá mi kó àwọn lẹ́tà náà bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú yàrá, mo sì yọjú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ó ń ka èyí tó sọ nípa adìyẹ náà sókè fún un, ó ń tún àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣì kọ ṣe pẹ̀lú bírò pupa. Bàbá mi jókòó tì í bí ọmọ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi kò ti sùn ní yàrá Ìyá Àgbà mọ́.

Ọdún méjì ni bàbá mi fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn àgbà wá béèrè lọ́wọ́ màmá mi bóyá ó ti dáríjì í, kí wọ́n lè dá a padà sípò, ó ní òun ti dáríjì í tipẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá a dúró síbẹ̀, kí wọ́n lọ bi bàbá mi fúnra rẹ̀. Ó padà síwájú nígbà tó tó àsìkò lójú ara rẹ̀. Díákónì ló jẹ́ títí ó fi kú; kò fìgbà kan ṣe olórí wọn. Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Àpá náà ṣì wà lára Tọ́pẹ́, ó ti di abiyamọ, ó sì máa ń sọ pé òun kò rántí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo dúró ti màmá mi fún ọ̀sẹ̀ kan. A ń ṣa aṣọ bàbá mi, èyí tí a ó fún àwọn ará ìjọ àti èyí tí a ó fi sílẹ̀. N kò mọ ohun tó mú mi béèrè, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí.

"Màmá, ká ní mo kọ òtítọ́ sínú lẹ́tà yẹn ńkọ́?"

Kò béèrè lẹ́tà wo. "Ǹ bá wá," ó ní. "Ǹ bá rí ọmọ mi, ǹ bá sunkún, ǹ bá bá bàbá yín jà nítorí ìkòkò yẹn. Lẹ́yìn náà, ǹ bá padà lọ kọ ìdánwò mi."

"Ẹ máa padà?"

"Kí ló fẹ́ dá mi dúró? Ṣé Bàbá Ìjọ ni?"

"Ṣé Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan síwájú, ó wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó ti gbó. "Mo sọ fún wọn, nígbà tó yá. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, 'Mo rò pé bí o bá fi lè wá, o kò ní í lè padà mọ́. Mo rò pé ìwé rẹ ni mò ń gbà là.' Mo ní, 'Èmi ni mo lọ, Bàbá Bọ́sẹ̀. Èmi náà ni ǹ bá tún lọ.'"

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e lé orí èyí tí a fẹ́ fi sílẹ̀, ó sì mú òmíràn.